Ó Ku Ẹnì Kan

Ní ìsàlẹ̀ bíríìjì Ore, bí agbèrò bá pariwo pé ó ku ẹnì kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èèyàn márùn-ún ló kù. Ó lè jẹ́ mẹ́fà. Ó lè jẹ́ pé dírẹ́bà gan-an kò tí ì jí. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. A ti gbà pé ìkíni ni wọ́n fi ń kí wa, bí ìgbà tí èèyàn bá ní ẹ wá jẹun, tí kò sì fẹ́ kí ẹ dé ìdí àwo.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ ní gbogbo gáréèjì náà. Kàsímù ni, bàbá Hafeezah. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi pe èrò sínú mọ́tò Òkìtìpupa, kò sì fìgbà kan parọ́ iye àyè tó kù. Bó bá ní ó ku mẹ́rin, mẹ́rin ló kù. Bó bá ní ó ku ẹnì kan, tí o bá ń fẹsẹ̀ falẹ̀, mọ́tò á fi ọ́ sílẹ̀.

Mo mọ̀ nítorí pé ojú mi ló ṣe. Èmi ni Ìyá Levi, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ẹnu ọ̀nà gáréèjì. Sùtánà ni mo ń rán jù, nítorí pé ilé àdúrà tó wà ládùúgbò wa ju ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Wòlíì tó bá ti rí ìran tuntun ló ń fẹ́ sùtánà tuntun. Mo gbé bẹ́ǹṣì kan síwájú ṣọ́ọ̀bù fún àwọn oníbàárà mi, àmọ́ àwọn èrò Òkìtìpupa ló gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa jẹ búrẹ́dì, etí wọn á wà lọ́dọ̀ Kàsímù. Bí ó bá ní ó ku mẹ́ta, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn á kọ́kọ́ lọ jókòó sínú mọ́tò. Bí ó bá ní ó ku ẹnì kan, ẹni tó fẹ́ràn atẹ́gùn jù nínú wọn á dìde, á gbọn ara nù, á kọjá sódìkejì, mọ́tò á sì ṣí.

Kí ó tó pè, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ lé ilẹ̀kùn mọ́tò, á wo inú rẹ̀, á ka àyè tó ṣófo. Àyè ló ń kà, kì í ka èèyàn. Ó ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn agbèrò yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ta ni yóò wọ mọ́tò tí wọ́n sọ fún un pé ó ku mẹ́fà. Nígbà tó yá, mọ́tò tí Kàsímù bá pè ló ń tètè kún jù, àwọn dírẹ́bà sì ń bá ara wọn jà nítorí ẹni tí yóò pè fún. Mo bi í nígbà kan pé ta ló kọ́ ọ ní irú òtítọ́ líle báyìí nínú gáréèjì. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mẹ́ta ló kù, òun sì ní ó ku mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tó sọ fún òun pé iṣẹ́ náà kò rí bẹ́ẹ̀, ó sì ti mọ́ òun lára.

"Mi ò kọ́lé, Ìyá Levi," ló wí fún mi lọ́jọ́ náà. "Ohun tí Hafeezah máa jogún lọ́wọ́ mi ni pé bí bàbá rẹ̀ bá ní ọ̀kan, ọ̀kan ni."

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà gáréèjì yẹn náà ni Màmá ń jókòó. Ìyá Olúrótìmí ni, ọmọ Araròmí-Obu, pupuru tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ló ń tà. Ó ń to pupuru náà sórí àtẹ ní roboto roboto, èéfín ti sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú, inú rẹ̀ sì funfun. Ojú Màmá ti ń ṣú láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, àmọ́ kò rí ojú èèyàn mọ́, ohùn ló fi ń mọ̀ wá. Láràárọ̀, bó bá ti ń bọ̀ tòun tọ̀pá rẹ̀, Kàsímù á dá ìpè dúró, á dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí epo mọ́tò ti bàjẹ́, á ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Màmá á fi èdè ìlú rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Mo jí dáadáa, Kàsímù, ọma mi." Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ tó mọ́ ládùúgbò wa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, àfẹ̀mọ́jú lásán ni.

Nígbà tí wọ́n kọ́ bíríìjì sórí wa, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó máa ń dúró ra nǹkan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba òkè kọjá. A ń gbọ́ ìró wọn lórí wa bí ẹni tó ń gbọ́ àlejò nílé aládùúgbò. Ilé alágbẹ̀dẹ di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Ìyá ọlọ́sàn-án kó lọ sí Odigbo. Gáréèjì náà sì yan alága tuntun, Rìlwánù, ọkùnrin tí kò tí ì pé ọdún márùndínlógójì, tó gbà gbọ́ pé ohun tó ń bá Ore jà ni pé Ore kò pariwo tó.

Rìlwánù kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé inú ń bí mi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí títí dé òpin. Ó ń kí èèyàn, ó sì gbá gáréèjì mọ́. Àmọ́ ó lọ sí Èkó lọ́sẹ̀ kan, ó sì gbé sípíkà kan dé, èyí tó máa ń gba ohùn èèyàn sára, tí yóò sì máa tún un sọ láìsinmi. Iná pupa àti iná búlúù ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Ó ní ohùn Kàsímù ló yẹ ẹ̀rọ náà, nítorí pé òun nìkan ni èrò ń gbà gbọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n ti dàgbà, ó yẹ kí wọ́n sinmi ọ̀fun.

Inú Kàsímù dùn. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n fẹ́ gba ohùn rẹ̀, jàlàbíà funfun tó fi ń kírun Iléyá ló wọ̀, ó dé fìlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Rìlwánù gbé sípíkà síwájú rẹ̀, ó ní kó sọ pé, "Òkìtìpupa, Òkìtìpupa, ó ku ẹnì kan, ẹ wọlé ká lọ." Kàsímù fi ọwọ́ lé ilẹ̀kùn mọ́tò tó wà nítòsí, ó wo inú rẹ̀. Ó ní ó ku méje. Rìlwánù ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò yẹn ni wọ́n ń sọ, ẹ̀rọ lásán ni. Kàsímù ní òun ò rí mọ́tò mìíràn níbẹ̀. Wọ́n fà á títí oòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, Kàsímù kò sì lè la ẹnu rẹ̀ sọ ọ̀kan níbi tí méje wà.

Rìlwánù bá wá èèyàn kún mọ́tò. Ó mú agbèrò méjì. Ó mú ìyá ẹlẹ́wà. Ó mú oníbúrẹ́dì. Ó bẹ wòlíì kan tó wá dán sùtánà wò lọ́dọ̀ mi, ó sì bẹ èmi náà. A wọlé, àwa mẹ́fà jókòó sínú mọ́tò tí kò lọ síbì kankan, èmi níwájú, téèpù ìwọn lọ́rùn mi. Kàsímù wá ka àyè tó ṣófo. Ọ̀kan ni. Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Wòlíì wà láàárín wa o, kò sì sẹ́ni tó rántí òfin kẹsàn-án, tó ní ká má jẹ́rìí èké, nínú àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ó ń pè é lọ́wọ́ ni Màmá dé tòun tọ̀pá rẹ̀. Àwọn tó tọ́ Kàsímù tọ́ ọ dáadáa, kò lè rí àgbàlagbà kó mójú kúrò. Bó ṣe wọ inú ẹ̀rọ nìyí: "Òkìtìpupa! Òkìtìpupa! Ó ku ẹnì kan! Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ẹ wọlé ká lọ!" Rìlwánù ní kí wọ́n tún un gbà. Àmọ́ ẹ̀wà ìyá ẹlẹ́wà ti ń jóná, ó ti sáré bọ́ sílẹ̀, oníbúrẹ́dì náà ti tẹ̀ lé e, ó sì ti ku mẹ́ta. Rìlwánù wo Kàsímù, ó ronú sí i, ó ní ìkíni kò ba ìrìnàjò jẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n so sípíkà kọ́ orí òpó, wọ́n ní kí Kàsímù lọ jókòó sílé, ohùn rẹ̀ ti dé ibi iṣẹ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn ò tí ì rí sípíkà Rìlwánù. Láti agogo mẹ́fà àárọ̀ ni ẹyin yẹn ń balẹ̀, tí kò fọ́. Kí n tó ka Bàbá Wa Tí Ń Bẹ Ní Ọ̀run dé "má fà wá sínú ìdánwò," ó ti tún dé.

Ọjọ́ Ajé ni Kàsímù padà wá wo bí ohùn rẹ̀ ṣe ń ṣe sí. Ó bá mọ́tò kan tí ìyá kan ṣoṣo jókòó sí, tí Kàsímù fúnra rẹ̀ sì ń pariwo lórí òpó pé ó ku ẹnì kan. Ó lọ bá Rìlwánù. Rìlwánù ní ẹ̀rọ ni, kò lè ka àyè. Kàsímù bá padà sídìí òpó, ó dúró sábẹ́ ara rẹ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń sáré bọ̀ pé, "Ẹ má dá a lóhùn, ó ku mẹ́fà." Àwọn èèyàn á wo òkè, wọ́n á wo ìsàlẹ̀. Ohùn kan náà ni. Bàbá kan láti Odigbo gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó bi í pé èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí òun gbà gbọ́. Kàsímù ní kó gba èyí tó ní ẹsẹ̀ gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló ṣe é. Lọ́jọ́ kẹrin, Rìlwánù ní ẹ̀gbọ́n ń ba ọjà jẹ́, kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má ṣe tẹ inú gáréèjì mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ sọ ọ́. Kàsímù kọjá sódìkejì, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń gbọ́ ara rẹ̀ tó ń parọ́. Èrò tó bá bọ́ sílẹ̀ láti inú mọ́tò tí kò kún á kọjá níwájú rẹ̀, á wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, á pòṣé. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní àwọn tí àwọn jọ ń kírun Jímọ̀ ti ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Bí lèmọ́mù bá ní sáàfù, ìyẹn ìlà ìrun, ṣì gba ẹnì kan, wọ́n á bi òun pé ṣé ọ̀kan ti Ọlọ́run ni àbí ọ̀kan ti Kàsímù. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. Ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Màmá ní tirẹ̀ ń dáhùn. Gbogbo ìgbà tí sípíkà bá kí i ló ń dáhùn pé òun jí dáadáa. Wọ́n kí i káàárọ̀ nígbà tí oòrùn wà ní àárín ọ̀run, ó dáhùn. Wọ́n kí i káàárọ̀ nígbà tí àwọn adìyẹ ń wọlé, ó dáhùn. Lọ́jọ́ kan ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rọra bi mí pé kí ló ṣe Kàsímù ní orí. Mo ṣàlàyé ẹ̀rọ fún un. Ó ní òun gbọ́, àmọ́ ohùn ọmọ náà ni, àgbà tí wọ́n sì kí tí kò jẹ́ ni kí òun dà ní ọjọ́ ogbó òun? Lọ́sẹ̀ kẹta, ọ̀fun rẹ̀ há. Oníbàárà á béèrè pupuru, Màmá á máa sọ fún un pé òun jí dáadáa. Nígbà tó yá, ó panu mọ́. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa kí i lọ, bí ẹni tí òjò ń rọ̀ sórí òrùlé rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, Kàsímù ní òun fẹ́ lọ kí Màmá, nítorí pé òun ò tí ì kí wọn láti ìgbà tí wọ́n ti lé òun jáde. Ojú ń tì í ni, mo mọ̀. Ó kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú àtẹ. Ó ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Màmá ń to pupuru rẹ̀ lọ. Kàsímù tún un sọ. Màmá kò gbójú sókè. Ó ń ráhùn sí ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ pé ẹ̀rọ yìí mà tún ti dé.

Kàsímù padà wá sórí bẹ́ǹṣì, ó gbọn jàlàbíà rẹ̀, ó jókòó. Mo ti rí gbogbo rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá òwú.

"Màmá ò dá mi lóhùn," ló wí. Ó tún ní, "Ó dùn mí."

Ó dun èmi náà. Mo ti gbé sísọ́ọ̀sì, n ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ fi gé.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Qúdrát ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ ni Qúdrát ní Àgọ́ Aláyé, Òkìtìpupa ni wọ́n bí i sí. Láti ìgbà tó ti wà nílé ìwé girama ló ti ń wọ mọ́tò tí Kàsímù bá pè, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gba ọ̀dọ̀ wa kọjá láti ìgbà tí sípíkà ti dé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ọjọ́rú kan, wọ́n pè é pé bàbá rẹ̀ kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ mọ̀ pé àwọn Mùsùlùmí kì í pa òkú mọ́. Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Àílà ọ̀sán ni àwọn máa sin ín. Ọlọ́kadà gbé e dé Ore ní agogo mẹ́wàá ààbọ̀, ó sì ní òun lè gbé e dé Òkìtìpupa bó bá fẹ́. Qúdrát fẹ́ gbà. Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn Kàsímù pé ó ku ẹnì kan. Ó ní kí ọlọ́kadà máa lọ.

Kàsímù kò sí lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ náà, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ká kòkó ní Odigbo. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Mo rí Qúdrát tó ń sáré kọjá. Mo ń wọn ejìká wòlíì kan, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé yóò bọ́ sílẹ̀ bó bá rí i pé mọ́tò ṣófo. Abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu mi kò ju mẹ́ta lọ. Mo lè tu ú.

Kò bọ́ sílẹ̀. Òun ni èrò kejì. Ó rò pé àwọn yòókù lọ ra búrẹ́dì ni, nítorí pé Kàsímù kì í parọ́. Nígbàkígbà tó bá fẹ́ dìde lọ wá ọ̀kadà, Kàsímù á tún sọ fún un pé ó ku ẹnì kan. Wákàtí mẹ́ta ló jókòó síbẹ̀. Nígbà tó dé Òkìtìpupa, wọ́n ti bo sàréè, àwọn ọkùnrin ń fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá padà sí Àgọ́ Aláyé. Kàsímù wà lórí bẹ́ǹṣì. Qúdrát kúnlẹ̀ kí i, ó kí èmi náà, ó sì rò ó fún wa bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìgbé ohùn sókè. Ó dàbí ẹni tó ń sọ ohun tó ṣe ẹlòmíràn. Ó parí rẹ̀, ó wá wo ojú Kàsímù.

"Bàbá Hafeezah, ohùn yín ni mo gbọ́," ló wí. "Ká ní ẹlòmíràn ló pè, ǹ bá ti gun ọ̀kadà."

Mo fẹ́ la ẹnu sọ pé ẹ̀rọ ni, pé wọ́n lé e jáde ni. Kàsímù gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè dá mi dúró.

"Èmi ni," ló wí fún un. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ẹ̀rọ náà ń kí Màmá káàárọ̀ lódìkejì. Oòrùn ti ń wọ̀. Qúdrát ní òun ti gbọ́, ó sì sunkún díẹ̀ sínú ìborùn rẹ̀ kó tó wá ọ̀kadà lọ.

Kàsímù lọ bá Rìlwánù lọ́jọ́ kejì, ó ní kó pa ohùn òun rẹ́. Rìlwánù bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ti gbìyànjú ohùn àwọn ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó yíjú wò ó, ohùn ẹ̀gbọ́n nìkan ni èrò ń gbọ́. Ó ní kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mọ́, ti gáréèjì ni. Ó wá fi í jẹ oyè, ó ní láti òní lọ, kí wọ́n máa pè é ní Bàbá Ìsàlẹ̀ Gáréèjì. Kàsímù ní òun dúpẹ́, ó sì jáde. Bó bá jẹ́ èmi ni, áyọ́ọ̀nù eléèédú ọwọ́ mi ni ǹ bá sọ lu sípíkà náà, kí wọ́n wá fi mí jẹ oyè tó bá wù wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó wọ jàlàbíà funfun yẹn, ó gbé búlọ́ọ̀kù kan síwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó gun orí rẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe inú gáréèjì. Ó na ọrùn wo inú mọ́tò tó wà lórí ìlà. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ìka márùn-ún lápá ọ̀tún, ìka kan lápá òsì. Nígbà tí èrò kan wọlé, ó ká ìka òsì wálẹ̀. Sípíkà ń pariwo pé ó ku ẹnì kan. Ìka márùn-ún Kàsímù wà lókè.

Àwọn èèyàn rò pé àárẹ̀ ti mú un. Ẹnì kan ní kí n pe wòlíì mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe, mo sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni mo ń sọ fún pé kí wọ́n di etí, kí wọ́n wo ọwọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì fi máa pé, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Èrò á dúró sí ilé búrẹ́dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, sípíkà á máa bẹ̀ wọ́n, wọn ò ní mira. Bí ìka bá ku ẹyọ kan, wọ́n á sọdá. Rìlwánù ránṣẹ́ pé ẹ̀gbọ́n kò láṣẹ láti pe èrò. Mo ránṣẹ́ padà pé ẹ̀gbọ́n kò pe ẹnì kankan, kó wá wo ẹnu wọn. Àwọn dírẹ́bà fúnra wọn bẹ Rìlwánù pé kó dín ariwo ẹ̀rọ náà kù, ó ń dí àwọn lọ́wọ́ láti wo Kàsímù. Kò dín in kù. Ó ní ojú ń ti òun láti gbà pé ẹ̀rọ tí òun gbé dé kò wúlò.

Kàsímù kì í sọ̀rọ̀ rárá níta mọ́. Ó ní nílé nìkan ni òun ń sọ̀rọ̀, nítorí pé bí òun bá la ẹnu ládùúgbò, wọn ò ní mọ ẹni tó sọ ọ́. Hafeezah ló wá jíṣẹ́ yẹn fún mi. Bó bá fẹ́ omi lọ́dọ̀ mi, á tọ́ka sí ìkòkò.

Qúdrát kọjá nígbà tó ń lọ ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ bàbá rẹ̀. Mo tu abẹ́rẹ́ ẹnu mi sọ́wọ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo ní kó wo ọwọ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì, kò jókòó, ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ Kàsímù láti ìka mẹ́rin títí ó fi ku ẹyọ kan. Ìgbà náà ló kúnlẹ̀ kí i, ó sì sọdá. Mọ́tò náà gbéra bó ṣe ti ilẹ̀kùn. Kàsímù kò tètè sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Màmá nìkan ni kò rí ọwọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo fẹ́ lọ sí ìsìn, mo dúró ra pupuru lọ́wọ́ rẹ̀ nínú sùtánà mi. Ó bi mí pé níbo ni Kàsímù wà gan-an, pé gbogbo èèyàn ní ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, òun ò sì gbọ́ ọ, àfi ẹ̀rọ yìí. Mo sọ fún un pé ó pa ẹnu dé. Mo sọ ìdí rẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ Qúdrát, mo sì sọ pé ó wá kí i ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí kò dá a lóhùn. Ọwọ́ Màmá dúró lórí àtẹ.

Mo juwọ́ sí Kàsímù. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, ó sọdá, ó dọ̀bálẹ̀ sínú epo mọ́tò náà bó ṣe máa ń ṣe, láìsọ̀rọ̀. Ó dìde lóòró díẹ̀, ó fi ọwọ́ rẹ̀ lé Màmá lọ́wọ́. Màmá fọwọ́ pa àtẹ́lẹwọ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fọwọ́ kan àwọn ìka. Méjì ti ká sínú, mẹ́ta ló nà. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún wọn kà.

"Ó ku mẹ́ta," ni Màmá wí sókè, gbogbo ẹni tó wà nílé búrẹ́dì sì gbọ́ ọ.

Lórí òpó, ẹ̀rọ náà ní ó ku ẹnì kan. Ó ní, Màmá, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ jí dáadáa? Màmá kò yí ojú sí i. Ó di ọwọ́ Kàsímù mú.

"Mo jí dáadáa," ló wí. "Mo jí dáadáa, Kàsímù, ọma mi."